Kànga Tí A Gbẹ́ Lọ́dún Ọ̀dá

3 Oṣù Kẹfà, 1880

Mo ra ìwé yìí kí n lè máa kọ iye àpò àlìkámà tí a bá kórè. Àlìkámà kò ga ju orúnkún mi lọ, ó sì ti gbẹ lórí ìdúró. Mo tú àwọn màlúù sínú rẹ̀ lónìí kí wọ́n jẹ èyí tí wọ́n bá lè jẹ. Mo ti sanwó ìwé ná, n ó máa kọ nǹkan mìíràn sínú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná láti gúúsù. Odò ẹ̀yìn ilé kò ṣàn mọ́. Ó ti gé sí ọ̀gọ̀dọ̀ kéékèèké.

7 Oṣù Kẹfà

Àwọn Lofgren kọjá níwájú ilé pẹ̀lú gbogbo ẹrù wọn. Illinois ni wọ́n ń padà sí. Lofgren ní Kansas ti gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ òun, òun kò ní fi ẹ̀kẹrin ṣe èènì fún un. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn adìẹ wọn fún Thirza ìyàwó mi nítorí kò sí omi tí wọ́n lè fún wọn lójú ọ̀nà. Kò sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn.

Nígbà tí eruku wọn rọlẹ̀, Thirza bi mí pé, "Ṣé àwa náà máa lọ ni?"

"Ó ku ọdún kan kí ọdún márùn-ún wa pé lórí ilẹ̀ yìí, kí ìjọba fún wa ní ìwé rẹ̀. Bí a bá kúrò báyìí, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ti wọmi nìyẹn."

"Mi ò béèrè ọ̀rọ̀ ìjọba. Mo ní, ṣé a máa lọ?"

"A ò lọ."

"Ó dáa. Ibo ni omi máa ti wá?"

Mo ní kí n lọ wo àwọn ẹṣin.

10 Oṣù Kẹfà

Àrunṣu ń ṣe Almeda ọmọ wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n mo gbé e lónìí, ó fúyẹ́ bí ọmọ ọdún márùn-ún. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ ni. Thirza ti ń sè é kó tó fún un, ó sì tún ń fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ọdún kejì tí a dé síbí ni irú àrunṣu yìí gbé Ezra, àbúrò rẹ̀, lọ. Thirza kò dárúkọ rẹ̀. Èmi náà kò dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ó ní, "Bàbá Almeda, ẹ jẹ́ ká gbẹ́ kànga."

Gbogbo ará àdúgbò ló ti gbẹ́ tiwọn, tàbí kí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń sọ láti ìgbà tí a ti dé pé odò tó wa. Mo ní ó dáa.

12 Oṣù Kẹfà

A bẹ̀rẹ̀. Thirza ló yan ojú ibẹ̀, nísàlẹ̀ òkè kékeré tí Ezra wà. Ojú ilẹ̀ le bí irin, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ mo ti wọ̀ ọ́ dé àyà. Dígà kì í ṣe àjèjì sí mi. Kí ogun Àríwá pẹ̀lú Gúúsù tó dé, abẹ́ ilẹ̀ ni mo ti ń jẹun, níbi tí wọ́n ti ń wa òjé ní Wisconsin.

Almeda mu ọbẹ̀ adìẹ Lofgren, kò sì bì í.

15 Oṣù Kẹfà

Láàárọ̀, mo ga ju ihò lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ihò ga jù mí lọ. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ọ̀run ti di róbótó. Mo jáde. Mo lọ bì lẹ́yìn ilé ẹran. Mo padà wọ inú ihò, mo tún jáde.

Mo sọ fún Thirza pé oòrùn ló mú mi.

16 Oṣù Kẹfà

Bákan náà. Nígbà tí mo jáde lẹ́ẹ̀kẹta, Thirza dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ṣòkòtò mi ló wọ̀, ó fi okùn dè é nídìí, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè.

"Ẹ fún mi ní ṣọ́bìrì yẹn."

"Thirza."

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa fa garawa sókè, apá yín sì lágbára ju tèmi lọ. Ẹ kúrò lọ́nà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìdí rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Mo so okùn mọ́ ọn lábẹ́ apá, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

17 Oṣù Kẹfà

Mo fi igi ṣe ohun tí a ó fi máa yí okùn, mo gbé e sórí ẹnu ihò. Amọ̀ pupa. Kò sí ọ̀rinrin. Àgbá omi kan ti di sẹ́ǹtì mẹ́wàá nílùú, bí ènìyàn bá gbé àgbá tirẹ̀ wá.

21 Oṣù Kẹfà

Eben Kittredge, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiwa pààlà níhà àríwá, ń ti ìlú bọ̀. Ó dá ẹṣin dúró.

"Burdick! Mo gbọ́ pé o ti rí òṣìṣẹ́ tuntun. Èló lò ń san fún un?"

Ohùn Thirza jáde láti inú ihò: "Oúnjẹ gbígbóná ló ń fún mi, Ọ̀gbẹ́ni Kittredge! Ẹ délé kẹ́ ẹ bi ìyàwó yín bóyá òun náà ń rí i jẹ!"

Kittredge rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ. Yóò sọ ọ́ káàkiri. Bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà ì bá sọ ọ́.

24 Oṣù Kẹfà

Àtẹ́lẹwọ́ Thirza ti bó. Ó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa á, ó sì fi aṣọ wé e. Ihò ti jìn tó ìdúró ènìyàn mẹ́ta. Láàárọ̀ a máa ń kọ́kọ́ sọ àbẹ́là kalẹ̀ wò. Bó bá kú, atẹ́gùn ibẹ̀ kò dára. Kò tíì kú. Ọ̀gọ̀dọ̀ tí àwa ń mu ti gbẹ. A ti ń mu nínú ti màlúù.

27 Oṣù Kẹfà

Mabry wá sílé lónìí. Ará Arkansas ni, òdìkejì odò ló ń gbé láti ọdún méjì sẹ́yìn, òun nìkan, kò láya kò lọ́mọ. Ẹ̀wù ogun àwọn ará Gúúsù ló máa ń wọ̀ bí òtútù bá dé. Èmi jà fún Àríwá. A máa ń gbọ́wọ́ sókè kí ara wa láti ọ̀nà jíjìn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gun ìbaaka rẹ̀ wọ àgbàlá, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì yọjú wo inú ihò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ló wí sísàlẹ̀.

"Ẹ ṣé o," ni Thirza dáhùn.

Ó yíjú sí mi, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa ará Àríwá ní Gúúsù pè mí. "Yánkì, èmi náà gbẹ́ tèmi, omi sì jáde. Àmọ́ omi yẹn korò. Ìbaaka mi gbóòórùn ẹ̀, ó wojú mi bíi pé mo bú ìyá ẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Jẹ́ kí n máa gbẹ́ tiyín. Bí omi bá jáde, kó o jẹ́ kí n máa wá pọn níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà lórí ilẹ̀ yìí."

Mo ṣì ń ro bí n ó ṣe dá a lóhùn nígbà tí Thirza pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Mo gbà! Ẹ fà mí sókè!"

Mabry wò mí. Mo fà á sókè.

1 Oṣù Keje

Mabry ń gbẹ́ bí òkété. Ó kúrú, ó sì ki. Ihò tó fún Thirza kò gba òun dáadáa, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mú un fẹ̀ sí i. Ó máa ń kọrin níbẹ̀. Kò mọ orin kọ. Almeda máa ń jókòó létí ibẹ̀, ó ń fi í rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. A kò fún un ní omi mìíràn bí kò ṣe èyí tí a rà.

4 Oṣù Keje

Ayẹyẹ òmìnira nílùú. Àwọn tí a jọ jagun tò sójú pópó, wọ́n ní kí n wá gbé àsíá. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo kó àgbá méjì, mo lọ pọn omi, mo san sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí ọjọ́ ọdún ni. Ìlù àti fèrè wọn tẹ̀lé mi títí mo fi kọjá òkè.

Mabry wà nínú ihò nígbà tí mo dé, Thirza ló ń fa garawa. Nígbà tí a fà á jáde, ó nu ojú.

"Báwo ni ayẹyẹ? Ṣé ẹ tún ṣẹ́gun wa?"

"A ṣẹ́gun yín."

"Ó dáa. Ó ti ń ṣe mí bíi pé tọdún yìí lè yàtọ̀."

Thirza rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

10 Oṣù Keje

Ooru pọ̀ jù láti ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Èmi àti Mabry jókòó síbi òjìji ilé ẹran. Ó ń jẹ búrẹ́dì àgbàdo tí Thirza ṣe. Ó ṣàdédé béèrè, kò tilẹ̀ wojú mi:

"Ibo ni ilẹ̀ ti bò ẹ́ mọ́lẹ̀?"

Mo ní ta ló sọ fún un pé ilẹ̀ bò mí.

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọkùnrin tó di dígà mú báyẹn, tó wá jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ ló ń wọ ihò. Èmi kì í ṣe ọmọdé."

Mo sọ ọ́ fún un. Ní Vicksburg ni, ìlú àwọn ará Gúúsù tí àwa ará Àríwá dó tì. Wọ́n ṣa àwa tí a ti wa òjé rí, wọ́n ní ká gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilé ìṣọ́ wọn kọjá, ká kó ẹ̀tù síbẹ̀, ká sì fọ́n ọn ká. Àwọn náà ń gbẹ́ tiwọn bọ̀ wá bá wa. A máa ń dákẹ́ láti gbọ́ ìró dígà wọn nínú ilẹ̀. Tiwọn ló kọ́kọ́ bú. Ilẹ̀ bò mí pẹ̀lú Jonas Weir tí a jọ ń gbẹ́. Orí ẹsẹ̀ mi ló wà. Ó ń sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń sọ nípa ọgbà ápù bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n hú mi jáde lọ́jọ́ kejì.

Mabry gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Inú ìlú náà ni mo wà. Èmi kọ́ ló gbẹ́ ihò yẹn o. Ìbaaka ni mo ń jẹ ní tèmi. Oúnjẹ tán, a pa gbogbo wọn jẹ." Ó nawọ́ sí ìbaaka rẹ̀ tó so mọ́ igi. "Mi ò tíì lè sọ fún èyí."

A padà sẹ́nu iṣẹ́.

14 Oṣù Keje

Amọ̀ tán. Yanrìn la bọ́ sí, ó gbẹ, ó sì ń yọ̀ bí àgbàdo lílọ̀. Kò ní dúró láìsí pákó. Mo lọ béèrè iye pákó nílùú, mo sì padà lọ́wọ́ òfo.

15 Oṣù Keje

Mabry tú ilẹ̀ ilé rẹ̀, ó kó àwọn pákó náà wá. Ó ní òun ti sùn lórí erùpẹ̀ fún ọdún mẹ́rin rí nígbà ogun, òun kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Thirza tú ibùsùn wa. A ń fi wọ́n ṣe ògiri yí ihò ká bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

20 Oṣù Keje

Àná ni èyí ṣẹlẹ̀. N kò lè kọ ọ́ lánàá.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Mabry wà nísàlẹ̀, èmi wà nídìí okùn. Ó ké sókè pé, "Yánkì, yanrìn yìí mà ń sọ̀rọ̀." Mo gbọ́ ọ. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń da ọkà sínú àpò. Mo ní kó di okùn mú. Kí ó tó dì í mú, pákó ẹ̀gbẹ́ kan ṣẹ́, yanrìn sì ya lù ú.

Mo pe Thirza. A gbé Almeda sórí ẹṣin pupa, a ní kó sáré lọ pe Kittredge. Lẹ́yìn náà Thirza di okùn mú, ó wò mí. Mo so okùn mọ́ra, mo sì sọ̀kalẹ̀.

N ó kọ ohun tí mo ṣe. Ohun tí mo rò kò ṣe pàtàkì.

Yanrìn dé ọrùn rẹ̀. Apá rẹ̀ kan wà níta, ó fi ń bo ẹnu. Pákó méjì dábùú sókè orí rẹ̀, àwọn ló gba yanrìn yòókù dúró. Mo fi ẹ̀yìn ti ọ̀kan. Mo ń fi abọ́ ìfọṣọ Thirza bu yanrìn sínú garawa, Thirza ń fà á.

"O pẹ́ kó o tó dé," ni Mabry wí.

"Mo ń wá bàtà mi."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Mo rò pé èmi nìkan ni."

Bí mo bá bu abọ́ kan, yanrìn tó kún ìdajì rẹ̀ ń padà. Mo ń ti pákó kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó bù. Ìgbà tí oòrùn dé àárín ọ̀run, mo ti dé àyà rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ẹsẹ̀ òun mọ́. Mo ní kó máa sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa obìnrin kan tó ń jẹ́ Nettie tó fẹ́ fẹ́ òun, àmọ́ tí bàbá rẹ̀ sọ pé ọwọ́ òun kúrú jù. "Ọwọ́, àbí owó?" ni mo bi í. Ó ní, "Ọwọ́ ló sọ. Owó ló ń wò." Nígbà tó bá dákẹ́, mo máa ń gbá a léjìká kó tún bẹ̀rẹ̀.

Kittredge dé, ó so okùn mọ́ ẹṣin rẹ̀. Ọjọ́ ti ń rọ̀ kí a tó fà á jáde. Thirza ló ní kí wọ́n fa èmi náà jáde lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti gbàgbé pé mo ṣì wà nísàlẹ̀.

Mabry jókòó sí ẹ̀yìn ilé wa, ó mu omi, ó jẹ ẹ̀wà abọ́ kan, ó sì ní kí wọ́n bu sí i. Ó sọ fún Kittredge pé, "Ẹ̀yin ará Àríwá! Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo bọ́ lọ́wọ́ Vicksburg, ẹ ṣì tún wá mi rí nínú ihò." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kittredge bọ̀ mí lọ́wọ́ kó tó lọ.

Lónìí ẹsẹ̀ Mabry méjèèjì wú, wọ́n sì le bí igi. Kò ní ìmọ̀lára kankan nínú wọn.

21 Oṣù Keje

Mabry kò tọ̀ láti àárọ̀ àná. Èyí tó tọ̀ ṣáájú dúdú bíi kọfí. Dókítà wá láti ìlú, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní kó sinmi. Mo sin dókítà dé ìdí ẹṣin rẹ̀. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ nígbà ogun, lára àwọn tí ilé wó lù. Mo bi í ohun tó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó gun ẹṣin rẹ̀ kó tó dáhùn.

22 Oṣù Keje

Ọkàn Mabry ń sá kúrò níbi tó wà, ó sì ń padà. Ó pe Thirza ní Nettie. Thirza jẹ́ ẹ.

23 Oṣù Keje

Mabry kú kí a tó jẹun àárọ̀. Orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Coleman. Thirza ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá, kí a lè rí i kọ.

24 Oṣù Keje

A sin ín sórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ezra. Pákó kò sí fún pósí. Aṣọ àgọ́ kẹ̀kẹ́ wa la fi wé e, lórí ẹ̀wù ogun rẹ̀. Kittredge ka Sáàmù. Afẹ́fẹ́ ń gbá eruku sínú ìwé rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nù ún kó tó lè ka ìlà kejì.

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, ó dì mí lápá mú. "Burdick, dí ihò yẹn. Ó ti pa ènìyàn kan. Ṣé ó di ìgbà tó bá pa méjì?"

Mo ní mo gbọ́.

Thirza ti lọ ṣáájú. Ó ń kó àwo sínú àpótí nígbà tí mo wọlé. Ó ní, "Mo ti ṣe tán láti lọ, Bàbá Almeda. Ohun tó dá mi dúró tẹ́lẹ̀ ni pé Ezra máa dá nìkan wà níbí. Kò dá nìkan wà mọ́."

Mo mú garawa, mo lọ fún àwọn ẹṣin lómi.

26 Oṣù Keje

Ooru. Màlúù kan kú lẹ́bàá ọ̀gọ̀dọ̀. A jẹ èyí tí a lè jẹ, a sì fi iyọ̀ sí díẹ̀. Àpótí Thirza ti kún.

27 Oṣù Keje

Mo jí ní kùtùkùtù, mo mú òòlù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú pákó ara kẹ̀kẹ́ ẹrù. Thirza gbọ́ ìró rẹ̀, ó jáde.

"Kẹ̀kẹ́ tí a máa fi lọ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ ti yanrìn yẹn bí wọ́n ṣe ń tì í níbi òjé. Pákó ló ń ṣáájú, ṣọ́bìrì ló ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Pé mi ò lè lọ síbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n fi han Mabry."

"Ta ló fẹ́ wọ ibẹ̀?"

"Èmi ni."

Ó dúró pẹ́ pẹ̀lú aṣọ orí rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé yóò kọ̀. Bó bá kọ̀, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ó wé aṣọ orí rẹ̀, ó lọ sídìí okùn, ó sì di igi ìyí-okùn mú.

"Bí mo bá fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa bọ̀ lókè. Mi ò fẹ́ àríyànjiyàn."

28 Oṣù Keje

Mo sọ̀kalẹ̀, mo jáde. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì dúró. Iṣẹ́ tí mo ṣe kò tó nǹkan.

29 Oṣù Keje

Mo kó yanrìn tó ya lulẹ̀ kúrò. Mo rí ṣọ́bìrì Mabry. Mo ń lò ó, ó mú ju tèmi lọ.

31 Oṣù Keje

Ọwọ́ mi ti rántí iṣẹ́. Mo ń gbá ìdí pákó wọ inú yanrìn kí n tó bu yanrìn ìdí rẹ̀, mo sì ń fi igi dábùú láti ìhà kan sí èkejì. Mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè sí Thirza bí mo ṣe ń ṣe é, ó sì máa ń dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ni. Iye owó kọfí. Bóyá adìẹ dúdú ń yé ẹyin síbì kan tí a kò mọ̀. Bó bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń béèrè nǹkan.

3 Oṣù Kẹjọ

Pákó kẹ̀kẹ́ tán. Nígbà tí mo jí, mo bá pákó mìíràn létí kànga. Ilẹ̀kùn ilé ẹran Kittredge ni, ó ti là á sí wẹ́wẹ́. Kò dúró kí n rí òun.

5 Oṣù Kẹjọ

Àbẹ́là kú. A gé ẹ̀ka igi, a so ó mọ́ okùn, a ń jù ú sísàlẹ̀, a ń fà á sókè, títí tí àbẹ́là fi lè jó. Mo sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀sán. Orí ń fọ́ mi.

7 Oṣù Kẹjọ

Yanrìn tán! Òkúta wẹ́wẹ́ ló kàn. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án. Ó tutù.

N kò sọ fún Thirza pé ó tutù. Kànga Mabry náà tutù kó tó korò.

9 Oṣù Kẹjọ

Mo ń gbẹ́ láti àárọ̀. Dígà kan ohun kan tó rọ̀, nígbà tí mo sì fà á yọ, ihò rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Mo tún gbá a. Mo dúró wò ó. Omi ń sun wọlé láti ẹ̀gbẹ́ òkúta, kò yára, kò sì dúró. Ó dé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi. Ó wọ inú bàtà.

Mo jókòó sínú rẹ̀. N kò mọ ìdí. Ó rẹ̀ mí, ibẹ̀ sì tutù, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò sí eruku. Mo gbé orí ti pákó. N kò kánjú láti kúrò.

Ohùn Thirza dé. "Kí ló dé? Ẹ ò dún mọ́!"

"Kò sí nǹkan."

"Ṣé kí n fà yín sókè?"

"Má tíì fà mí. Omi ti dé."

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tó ń ṣe ohun kan, ẹ̀rín ni tàbí ẹkún ni, ìró kì í hàn dáadáa nínú ibú yẹn. Nígbà tó yá, ó ké sí mi pé, "Ẹ tọ́ ọ wò!"

Mo dúró kí erùpẹ̀ rọlẹ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀. Mo fi ọwọ́ bù ú. Mo gbé e sẹ́nu, mo mú un dání níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó gbé e mì, nítorí mo fẹ́ kó dá mi lójú kí n tó sọ ọ́.

"Kò korò," ni mo wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní kò korò, Thirza!"

16 Oṣù Kẹjọ

Omi ga ju orúnkún lọ nínú kànga, ó sì ti mọ́. Kittredge gbé àgbá wá, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó dúró létí ibẹ̀ kó tó di okùn mú. Ó bi Thirza iye tí a ń gbà.

"A ò gba nǹkan kan. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fà á fúnra yín, Ọ̀gbẹ́ni Kittredge. Òṣìṣẹ́ tuntun ń sinmi lónìí."

Ìyàwó Kittredge rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ.

Thirza ti tú àpótí. Àwo ti padà sórí pẹpẹ. N ó kan pákó mìíràn mọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo bá rí i rà. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ n ó bẹ̀rẹ̀ sí í túlẹ̀ fún àlìkámà tí a máa ń gbìn kí òtútù tó dé, bí àwọn ẹṣin bá lè fà á.